Ẹ Bá Wọn Gùn Ún, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Fẹnu Kò Lórí Ẹni Tí Yóò Ṣáájú

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bradford, nílẹ̀ England. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwa tó kù wá pinnu pé a óò fi ọjọ́ kan ṣoṣo gun òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Yorkshire, kí a lè fi kó owó jọ fún Sickle Cell Society, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran àwọn tó ní àrùn náà lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ní a gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ kí wákàtí 12 tó pé. Èmi ò gun òkè kankan rí àfi Olúmọ, AS sì ni mí. Ọkọ mi ní kí n fún wọn lówó kí n jókòó sílé, pé irú ìyà wo ni mo fẹ́ fi jẹ ara mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Ìyá Ìbejì, Bradford

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ lọ. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi gun àwọn òkè yẹn nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Leeds, mo sì mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó ra bàtà, ẹ jókòó, kí ẹ fẹnu kò lórí nǹkan kan: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lọ́ra jù ni kó máa ṣáájú.

Ìrìn náà tó nǹkan bíi kìlómítà 39. Ní Horton-in-Ribblesdale ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gun Pen-y-ghent tó ga ní mítà 694, wọ́n á gba Ribblehead kọjá lọ gun Whernside tó jẹ́ 736, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gun Ingleborough, 723, kí wọ́n tó padà sí Horton. Whernside ló ga jù, ṣùgbọ́n Ingleborough ló ń dá èèyàn lágara, torí ìgbà tí orúnkún ti sú èèyàn ló máa ń kàn án. Apá òkè rẹ̀ dúró gangan, òkúta ni wọ́n sì tò síbẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa, obìnrin gíga kan tó máa ń sáré láràárọ̀, ti bojú wẹ̀yìn tó rí i pé ẹni tó kẹ́yìn nínú wa ti di òkúta mú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó gba báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e kọ́ àyà, ó ní, “Ìwọ máa lọ níwájú.” Bí a ṣe gun èyí tó kù nìyẹn.

Wákàtí 12 tí wọ́n ń sọ, àṣà ni, kì í ṣe òfin. Ta ni yóò dá owó fún ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, tí yóò wá gba owó rẹ̀ padà nítorí pé ẹ lo wákàtí 14? Eré wákàtí yẹn ló ń pín ẹgbẹ́ sí méjì, ibi tí wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orí Ingleborough tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kùrukùru bá bò ó, ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ á dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ẹ rí i pé ẹnìkan wà nínú yín tó mọ máàpù orí ìwé kà dáadáa, torí fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi gbogbo. Bó bá sì rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn òkè àkọ́kọ́, ìdíkọ̀ rélùwéè wà ní Ribblehead, ọkọ̀ ibẹ̀ ń dúró ní Horton. Ẹ ti ṣàkọsílẹ̀ àkókò rẹ̀ látilé, kí ẹ sì jọ gbà ṣáájú pé kò sí ìtìjú fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́.

Ní ti AS, kò ní kí ẹ má gun òkè, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣeré. Ẹni tó jẹ́ AS, tó ń fi tipátipá sáré gòkè nígbà tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, lè kó sínú ewu ńlá. Ẹ rí dókítà yín. Ẹ máa mumi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ẹ máa sinmi, ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹ sọ fún ẹni tó ń darí yín pé AS ni yín. Bí itan tàbí ẹ̀yìn bá ṣàdédé ń ro yín gan-an, tàbí tí èémí ò balẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ẹ jókòó, kí wọ́n pe 999, kí wọ́n béèrè fún ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà Mountain Rescue, àwọn tó ń yọ èèyàn nínú ewu lórí òkè.

Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ náà, yóò bó yín lẹ́sẹ̀. Ẹ di ẹ̀pà àti ìpékeré dání.

Owó ńkọ́? Kí oníkálukú san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ tirẹ̀, kí gbogbo ohun tí àwọn èèyàn bá dá lè lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú. Bí ẹni tó ń san owó orí ní Britain bá dá £10, tó sì gbà sí Gift Aid, ìjọba á fi £2.50 kún un. Àwọn ẹbí yín ní Nàìjíríà tí kì í san owó orí níbí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìyẹn o. Ẹ tún bi ọ̀gá yín bóyá ilé iṣẹ́ lè dá iye kan náà tí ẹ bá rí.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Àánú yín ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn bàbá wa ń lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna, kì í ṣe torí pé àna ò lówó tí yóò fi háyà alágbàṣe. Ìyá ọmọ yẹn fẹ́ rí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí òkè ò bá sì wu bàbá, kí wọ́n lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ro wúlò púpọ̀ fún àwọn tó ní àrùn yìí, ara àwa aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ sí jù, ìdí nìyẹn tí NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, fi ń wá wa kiri. Ẹ̀yin náà lè fi tiyín sílẹ̀, AS kò ní kí ẹ má ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó di lẹ́yìn òkè. Bí bàbá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, wọn yóò ní kí wọ́n ní sùúrù fún oṣù díẹ̀ nítorí ibà. Kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ báyìí.