Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì bá sọ̀rọ̀ nípa ilé wa

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni mí, Kánádà sì ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Olùkọ́ ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, pín kíláàsì wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìṣòro kan láwùjọ, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn yòókù. Àwọn kan sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò rílé gbé, àwọn kan sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn ọmọdé ti ń fòòró ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan mú ọ̀rọ̀ dídábẹ́ fún ọmọbìnrin, wọ́n sì dárúkọ Nàìjíríà. Ọmọ mi ní gbogbo kíláàsì ló yíjú wo òun. Ní báyìí, kálukú ni yóò kọ èrò ọkàn rẹ̀ lórí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀, wọn yóò sì gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Ó bi mí bóyá wọ́n ń ṣe é ní Èkìtì. N kò tíì dá a lóhùn. Kí ni kí n sọ fún un, kí sì ni kí ó kọ?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, àbúrò mi. Ìjerò-Èkìtì ni èmi ti wá, ìlú Ọba sì ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà.

Ẹ dá a lóhùn lálẹ́ òní, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un: wọ́n ń ṣe é ní Èkìtì, ìpínlẹ̀ wa sì wà lára àwọn ibi tí ó ti wọ́pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń dínkù. Bí ẹ bá sẹ́, orí fóònù rẹ̀ ni yóò ti rí i kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì ní í bi yín ní ohunkóhun nípa ilé mọ́.

Irú iṣẹ́ yìí gan-an ti kan ilé mi. Ọmọ ọdún 14 ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. Ó ya àwòrán méjì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé sójú ògiri sórí fóònù rẹ̀, ó sì fi hàn mí: àkọ́kọ́ jẹ́ máàpù ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kùn ní pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀, èkejì jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tí ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun bo ọrùn rẹ̀ dé èjìká, irú èyí tí àwọn Maasai ń wọ̀ ní Kẹ́ńyà, wọ́n sì kọ Nàìjíríà sábẹ́ rẹ̀. Inú bí i. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ojú ewé méjì. Ní apá kìíní, ó tọ́ka sí àṣìṣe tí ó wà nínú àwọn àwòrán náà, ó sì ṣe é dáadáa. Ní apá kejì, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun mọ ohun tí òun ń sọ, ó kọ ọ́ pé wọ́n dá abẹ́ fún ìyá òun ní Èkìtì, àti pé ìdílé òun ń lọ síbẹ̀ ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ láti lọ kí ìyá àgbà.

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbólóhùn méjèèjì, àwọn náà ni wọ́n sì gbé òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń dáàbò bo ọmọdé dé ẹnu ọ̀nà wa. Láti ọdún 2003 ni òfin ìlú Ọba ti kà á sí ọ̀ràn láti gbé ọmọbìnrin tí ó ń gbé níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n lè dá abẹ́ fún un, láti ọdún 2015 sì ni ilé ẹjọ́ ti ní agbára láti gba ìwé ìrìnnà ọmọ tí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé ewu náà wà lórí rẹ̀. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ ka ohun tí ọmọ mi kọ kí ó sì dákẹ́. Obìnrin tí wọ́n rán wá bọ̀wọ̀ fún wa. Ó béèrè ọjọ́ tí a ó wọ ọkọ̀ òfuurufú àti ilé tí a ó dé sí, lẹ́yìn náà ni ó ní òun fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, tí èmi tí mo bí i sì dúró nínú kíṣìnnì ara mi tí mo ń fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn kò fi ẹ̀sùn kankan kàn wá, wọ́n sì pa fáìlì náà dé.

N kò bá òfin náà jà. Bí ó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ wà ní Ìjerò nígbà tí wọ́n bí mi, ìbá ṣe mí láǹfààní. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni àwọn olóòlà ń ṣe é fún lọ́dọ̀ wa, n kò sì rántí ọjọ́ náà rárá. Màmá mi kì í ṣe ìkà ènìyàn: wọ́n ti sọ fún un pé bí orí ọmọ bá kan ibi tí wọ́n ń gé náà nígbà ìrọbí, ọmọ yóò kú, ó sì gbà á gbọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé mo ń gbèjà rẹ̀ máa sọ ọ́. Orí mi ni àṣà náà parí sí nínú ìdílé wa.

Ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi ni ìrìn-àjò náà. Ọkọ mi ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ ná, a sì dá a dúró. Nígbà tí màmá mi béèrè lórí fóònù pé ṣé ọmọ òun ṣì ń bọ̀, mo ní owó ọkọ̀ òfuurufú ti gbówó lórí. Ó kú kí ọdún tó yípo. Ọmọbìnrin mi ti wà ní yunifásítì báyìí, bí ọ̀rọ̀ Ìjerò bá sì ti délẹ̀, a máa dìde kúrò nídìí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé ó gbà pé ìwé tí òun kọ ni kò jẹ́ kí òun àti ìyá àgbà fojú kanra. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ títí. Ó máa ń ní òun ti gbọ́.

Nígbà yẹn, ọkọ mi sọ fún un pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọ náà dáhùn pé olùkọ́ ni ó ní kí àwọn sọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn. N kò rí èyí tí mo lè dá lẹ́bi nínú wọn.

Ní ti ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbé yẹ̀ wò: kí ni wọ́n sọ, níbo ni wọ́n ti rí i, kí ni wọ́n fi sílẹ̀? Lọ́dún 2024, UNICEF, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ní àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n ti dá abẹ́ fún láyé lé ní mílíọ̀nù 230, àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 80 nínú wọn sì wà ní Éṣíà. Ṣé ẹgbẹ́ náà mẹ́nu kan Éṣíà? Nàìjíríà ṣòfin lòdì sí i lọ́dún 2015, ṣùgbọ́n Èkìtì ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá sí obìnrin láti ọdún 2011, nígbà tí Fáyẹmí jẹ́ gómìnà, tí Erelú Bísí Fáyẹmí ìyàwó rẹ̀ sì jìjà rẹ̀ gidigidi. Wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún 2019. Ẹgbẹ́ tí ó bá fo èyí dá ti ṣe é bí ẹni pé ńṣe ni àwọn ará ilé káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ ara rẹ̀ di lọ́yà Èkìtì o. Kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé òfin wà, àwọn kan ṣì ń ṣe é, nítorí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ó sì kọ̀wé tó nǹkan lórí àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Ìlà méjì péré ni ọmọ mi kọ lórí tiwọn, ó sì hàn nínú máàkì rẹ̀.

Bí ẹ̀yin náà bá ní ìtàn ara yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìgbà tí ẹ ó sọ ọ́ fún un. N kò ní í dá sí ìyẹn. Bí ẹ bá sọ ọ́, ẹ sọ fún un pé ti yín ni, kì í ṣe ohun tí a ń kọ sínú iṣẹ́ kíláàsì. Dídábẹ́ fún ọmọbìnrin wà nínú òfin ọ̀daràn Kánádà pẹ̀lú láti ọdún 1997, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìlú Ọba nìkan ni mo ń sọ.

Bí ẹ bá sì ti ní i lọ́kàn láti kó àwọn ọmọ lọ sí Ìkéré ní ìsinmi yìí, ẹ má ṣe tìtorí ìwé kankan sún un síwájú. Ẹ lọ rí olùkọ́ náà fúnra yín, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún un, kí ẹ sì máa lọ.