Ẹ má tíì pààrọ̀ mọ́tọ̀ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bàbá yín

Mo kí ẹ̀yin ará wa tí ẹ kọ̀wé láti Ọ̀fà nípa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onítéèpù ńlá tí bàbá yín gbé ti Amẹ́ríkà bọ̀. Ẹ ní ó ń yí, ó sì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn inú rẹ̀ wúwo, ó ń falẹ̀ bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn, oníṣẹ́ kan sì ti ní kí ẹ mú owó mọ́tọ̀ mìíràn wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san owó náà. Irú rẹ̀ gan-an ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìlọrin níbí, mo sì ti pààrọ̀ mọ́tọ̀ kí n tó mọ̀ pé mọ́tọ̀ kọ́ ni ó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ iná ni. Iná tiwa ní Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní hertz 50. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ hertz 60, fóltì rẹ̀ sì jẹ́ 120. Tírásífọ́mà tí gbogbo wa máa ń rà lè dín fóltì kù, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tọ̀ inú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí jẹ́ irú èyí tí ń bá lílọ àti bíbọ̀ iná rìn. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún hertz 60 kò ní ju ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa, téèpù tí ó yẹ kí ó parí ní ìṣẹ́jú 30 yóò sì gba ìṣẹ́jú 36. Bí wọ́n bá yọ mọ́tọ̀ lára ẹ̀rọ Amẹ́ríkà mìíràn wá fún yín, ibi tí ẹ wà náà ni ẹ óò wà.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Mo mú téèpù kan tí kò wúlò mọ́, mo fi bíró sàmì sí ibi tí ó ti kan orí tí ń kà á, mo jẹ́ kí ó yí fún ìṣẹ́jú àáyá 10, mo tún sàmì sí ibi kan náà. Mo wá yá téèpù ìrànṣọ ìyàwó mi, mo fi wọn àárín àmì méjèèjì. Lórí eré sẹ̀ǹtímítà 9.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí n bá 95. Nǹkan bí 79 ni mo bá. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀.

Inú mi dùn, mo lọ bá oníṣẹ́ irin, ó gbẹ́ kẹ̀kẹ́ idẹ kékeré kan fún mi sí orí mọ́tọ̀, níbi tí bẹ́líìtì ń gbà, èyí tí ó fi ìdá kan nínú márùn-ún tóbi ju ti àtilẹ̀wá lọ. Àwọn téèpù tí bàbá mi gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kàwé ní Amẹ́ríkà tọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé wáàsí Ramadan wọn sí i, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú agbo ilé wa níbí, ohùn bàbá mi di ohùn ọmọdé. Mo dúró, mo ń wo ẹ̀rọ náà. Ìgbà tí ó yá ni ó tó yé mi: ẹ̀rọ yìí kan náà, lórí iná Ìlọrin, ni wọ́n fi gba wáàsí ọ̀hún sílẹ̀, ó ń falẹ̀ nígbà tí ó ń gbà á, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ falẹ̀ kí ó tó lè kà á bí ó ti yẹ. Mo yọ kẹ̀kẹ́ idẹ náà kúrò. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi ẹ̀rọ yín sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ẹ da gbogbo téèpù sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, fi ìdá 20 nínú 100 kún eré àwọn tí ó ti òkè òkun wá nìkan. Iná NEPA ni kí ẹ fi ṣe é, nítorí pé iná jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lójú kan. Bí fíríìjì bá ti gbéra, ohùn yóò mì.

Kí ẹ tó tún gbé téèpù kankan sí i, ẹ wo àwọn róbà inú rẹ̀. Bẹ́líìtì tèmi ti yọ́ bí ọ̀dà, ó lẹ̀ mọ́ mi níka fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí ó dùn mí jù ni róbà roboto tí ń fún téèpù mọ́ ọ̀pá irin: ó ti ń lẹ̀, n kò mọ̀. Ó gbá téèpù wáàsí kan mú, ó wé e mọ́ ara rẹ̀, kí ọwọ́ mi sì tó kan bọ́tìnnì, ó ti já ní ibi tí bàbá mi ti ń ṣe àdúà fún wa ní orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo fi téèpù ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ so ó, kì í ṣe sẹ́lótéèpù, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ṣàn. Síbẹ̀ orúkọ àbúrò mi obìnrin kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi òwú àti sípírítì nu orí tí ń ka téèpù àti ọ̀pá irin náà títí òwú yóò fi máa jáde ní funfun, kí ẹ sì pààrọ̀ róbà tí ó bá ti ń lẹ̀.

Téèpù tí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, tàbí tí ó ń dún fín-ín-fín-ín tí ó sì ń da ẹ̀tù pupa rúsúrúsú sílẹ̀, ẹ dá a dúró kíákíá. Ẹ má sá a sóòrùn.

Ní báyìí, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín wò, níbi tí wọ́n kọ fóltì sí. Bí ẹ bá rí 50/60, ó ṣeé ṣe kí ibì kan wà nínú rẹ̀ tí a ti lè yí i padà. Bí ó bá jẹ́ 60 nìkan, bí tèmi ni. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ ibi tí bàbá ti gba téèpù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.