Ẹ Bi Àǹtí: Ṣáwà Ìyàwó Ku Ọ̀la, Mi Ò Tíì Ra Nǹkan Kan

Àǹtí mi, ọ̀kun o, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Bridal shower ọ̀rẹ́ mi ku ọ̀la, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Fóònù mi ló bàjẹ́, ìgbà tí mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe lónìí tí mo wọ WhatsApp ni mo tó rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ nínú gúrúùpù, wọ́n ti dá owó, wọ́n ti ra fríìjì, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Owó ọwọ́ mi ò sì tó nǹkan torí oṣù ò tíì parí. Mi ò fẹ́ gbé ife gíláàsì lọ, torí èyí tí wọ́n gbé wá fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tiẹ̀, títí dòní ló ṣì ń fi í tọrẹ fún ẹlòmíì. Àbújá ni ọ̀rẹ́ mi àti ọkọ ẹ̀ máa gbé. Kí ni mo lè rà tó máa hàn pé mo ro tiẹ̀ mọ́ ọn, tí kò ní dà bíi pé mo kàn sáré gbé e?
Ọ̀rẹ́ ìyàwó, Kàbà

Ọ̀kun, àbúrò mi. Mo ti fèsì fún ẹ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ká sòótọ́, kí ìwé ìròyìn yìí tó jáde ìyàwó á ti wà nílé ọkọ. Àmọ́ irú ìbéèrè yìí ò yéé wọlé, pàápàá tí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé tí àwọn ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà lájò ń bọ̀ wá ṣègbéyàwó nílé, nítorí náà ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí fún ẹlòmíì.

Má tíì bọ́ sọ́jà. Ẹni tó bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ láìmọ ohun tó ń wá, ohun tó bá kọ́kọ́ rí nínú bébà tó ń dán ló máa gbé, bí ife gíláàsì ṣe ń pọ̀ nìyẹn. Jókòó, mú fóònù tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yẹn, kó o pe àbúrò ìyàwó lóbìnrin tàbí màmá ẹ̀. Má pe ìyàwó fúnra ẹ̀ o, ó máa ní "má ṣèyọnu, ìwọ ṣáà ti wá", o ò sì ní rí nǹkan kan dì mú nínú ìyẹn. Bi wọ́n pé kí ni wọn ò tíì rà, kó o sì tún bi wọ́n pé irú ilé wo ló ń lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ṣé yàrá kan àti pálọ̀ ni, ṣé wọ́n ń bá ẹlòmíì pín kíṣìnì, ṣé omi ń yọ àbí lọ́wọ́ máírúwà ni wọ́n ti ń rà á, ṣé àbúrò ọkọ kan ti wà ńlé tó ń dúró dè é kó wá máa dáná? Tó bá jẹ́ omi máírúwà ni, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó mọ́ tónítóní, tó ní ìdérí, á wúlò fún un ju bàlúùnù gbogbo pálọ̀ yẹn lọ, kò sì sẹ́lòmíì tó máa rántí ẹ̀.

Fríìjì ti wà. Wọ́n á tún gbé bléńdà wá, bóyá mẹ́ta, torí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ro bléńdà. Ohun tí ò ní sí nílé yẹn láàárọ̀ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ ni ọ̀bẹ tó mú, pákó tí wọ́n á fi gé ẹ̀fọ́, asẹ́, ìpọnmi, sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àti òwú, okùn ìsáṣọ, tọ́ọ̀ṣì, ìṣáná, extension tí fóònù méjì lè gba iná lára ẹ̀ pọ̀. Àwọn nǹkan yìí kì í dé ṣáwà nítorí pé wọn ò dùn-ún yà ní fọ́tò, ìyàwó á wá máa rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta, lówó gegere, nígbà tí ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Ra bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn, kó gbogbo ohun tí agbára ẹ bá ká sínú ẹ̀, kó o wá fi ańkárá yáàdì méjì di ẹnu ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń di ẹrù rìnrìn àjò. Bébà gíífù, wọ́n á fà á ya dànù kẹ́ ẹ tó jẹun tán, àmọ́ ańkárá á di ìró tó máa ró nínú ilé. Ó sì kù o: fríìjì tí gúrúùpù rà yẹn, ta ló ra stébíláísà ẹ̀? Mo tẹ́tẹ́ pé kò sẹ́ni tó rántí. Bí ìwọ àti ẹnì kan míì tí orúkọ ẹ̀ náà ò sí nínú owó fríìjì bá lè pa owó pọ̀, ẹ ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa gba fríìjì yẹn lọ́wọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ìwọ tó o wà ní Kàbà tún ní ohun kan tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ dí lọ́wọ́: oúnjẹ. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Àbújá rí mọ bí àwọn èrò ṣe máa ń bẹ dẹrẹ́bà pé kó dúró kí wọ́n ra isu létí títì, wọn ò bẹ̀ ẹ́ lásán. Jí lọ sọ́jà ní kùtù, ra isu tó dáa bíi márùn-ún, gààrí, ẹ̀lùbọ́, ègúsí bíbó, ata gígún, irú ọbẹ̀ tí oòrùn ti pa díẹ̀ kí òórùn ẹ̀ má baà gba inú mọ́tò kan, àti epo pupa kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Fi láílọ́ọ̀nù bo ẹnu epo yẹn kó o tó yí ìdérí ẹ̀ le, torí epo tó bá dà sórí ẹrù ìyàwó níbi gàlápà ojú ọ̀nà, orúkọ ẹ ni wọ́n máa pè. Mo mọ̀ pé isu ò ṣeé gbé wọ àárín àwọn tó wọ aṣọ píǹkì wá. Gbé ẹrù náà sílẹ̀ lọ́wọ́ màmá ìyàwó láàárọ̀, kó o wá mú ègúsí àti ata díẹ̀ nínú ike tó rẹwà dání lọ síbi ṣáwà, kí káàdì tó wà lórí ẹ̀ sọ ibi tí ìyókù wà. Ọjọ́ tó bá gún iyán fún ọkọ ẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ ní Àbújá, tìẹ lá á fi gún.

Káàdì yẹn náà nìyẹn, má fojú kéré ẹ̀. Fi ọwọ́ ara ẹ kọ ọ́. Má lọ da àdúrà kọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo èèyàn ló máa kọ "ilé yín á tura" síbẹ̀, àmín, àmọ́ ìwọ kọ ohun tí ìwọ àti ẹ̀ nìkan mọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ jọ sá fún òjò, ohun tó sọ fún ẹ nígbà tó o féèlì Mátíìsì. Kó o wá fi iṣẹ́ kan kún un tí ìwọ fúnra ẹ máa ṣe, tó ní ọjọ́ tó ní wákàtí: pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, láti aago mẹ́jọ, ìwọ lo máa dúró ti àwọn tó ń dáná, kí ẹnikẹ́ni má pe ìyàwó nítorí iyọ̀ tàbí gáàsì. Ìyàwó tó ń múra, ẹni tó máa gba nǹkan ṣe láìmáa bi í ní gbogbo ìgbà ló wọ́n ọn jù. Àmọ́ tó o bá mọ̀ pé o máa pẹ́ dé, má kọ ọ́.

Àwọn kan máa sọ pé kí ló dé tá à ń wá gbogbo èyí kiri nígbà tówó wà. Kò burú, owó dáa. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ máa ká owó rìbìtì, kẹ́ ẹ fi stépílà gún un, kẹ́ ẹ ní òdòdó ni. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, ní ìpín 21, ka gígún owó ní stépílà, kíkọ nǹkan sí i lára, yíya á àti rírún un mọ́ bíba owó jẹ́, ìjìyà ẹ̀ sì ni ẹ̀wọ̀n tí ò dín ní oṣù 6 tàbí owó ìtanràn tí ò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Owó tuntun tẹ́ ẹ máa ń lọ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níbi òde pàápàá, títà á wà nínú òfin yẹn kan náà. Ẹ fi sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ̀ lóru tí kò ní sí ẹni tó ń wò ó.

Àǹtí, àwọn tó ń ṣètò ní aṣọ àwọ̀sùn àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni kí gbogbo wa rà, ṣáwà náà ku ọ̀tunla. Ìdààmú mi ni pé ìyá ọkọ máa wà níbẹ̀, àwọn ìyá ìjọ náà máa wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ìyàwó máa ṣí gbogbo ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mi ò tún mọ sáìsì ẹ̀.
Mo ń tijú, Ìsánlú

Ìwọ ń tijú, ìyàwó ń kọ́? Òun ló máa gbé e sókè! Àwọn tó mú àṣà yìí látọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà gbàgbé pé àwọn tọ̀hún kì í sábà pe gbogbo ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wá jókòó síwájú. Pe ẹni tó ń ṣètò kó o sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀bùn sí yàrá, kí wọ́n ṣí ohun ìdáná àti aṣọ nìkan ní pálọ̀. Kò ní bínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń dúró dè kó bá òun sọ ọ́. Tó bá kọ̀, di tìẹ ní ìdì méjì, kó o kọ gàdàgbà sára ẹ̀ pé "nínú yàrá ni kó o ti ṣí i".

Ti sáìsì, ta ló rán aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀? Lọ bá télọ̀ yẹn, gbogbo ìwọ̀n ẹ̀ wà nínú ìwé: àyà, ìbàdí, gígùn. Sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe fún un, ó lè rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ á fún ẹ. Ìyẹn tó láti fi ra aṣọ àwọ̀sùn, bùbá ilé, tàbí kóòtù ìwẹ̀. Fi kọ́mú sílẹ̀ pátápátá. Nọ́ńbà ara kọ́mú, ìwọ̀n abẹ́ ọmú yípo ni, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bí ọmú ṣe tóbi tó, ìwé télọ̀ kì í sábà ní abẹ́ ọmú yẹn, èyí tó bá sì há lára kò sí bó ṣe wọ́n tó tó máa wọ̀ ọ́. Tó o bá dé ọjà, aṣọ olówùú ni kó o mú. Àwọn aṣọ dídán tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ yẹn, lálẹ́ oṣù Kẹta tí iná bá lọ, ooru á mú kó bọ́ ọ jù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi ló fẹ́ ṣègbéyàwó, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló máa bá ọkọ ẹ̀ lọ sí ìlú Ọba. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ra ìkòkò, wọ́n ń ra kúlà. Ọ̀la ni ṣáwà, èmi náà fẹ́ fún un ní nǹkan tó máa lè gbé lọ.
Màmá kékeré, Ẹ̀gbẹ̀

Mà, ẹ kú ìmúra. Ìkòkò wọ̀nyẹn, ilé ìyá ẹ̀ ni wọ́n máa gbé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú, kílò 23 ni wọ́n ń gbà fún báàgì kan, aṣọ òtútù nìkan á ti jẹ ìlàjì. Ẹ má sì kó ẹran gbígbẹ tàbí wàrà fún un, wọn ò gbà á wọlé lọ́hùn-ún látọ̀dọ̀ wa, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní pápákọ̀.

Aṣọ ni kẹ́ ẹ fún un. Ògìdì ò jìnnà sí Kàbà, ibẹ̀ ni Nike Davies-Okundaye, ìlúmọ̀ọ́ká aládìrẹ, ti wá, ó sì ní ibi iṣẹ́ ọnà síbẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀ láti apá ibẹ̀ lónìí, kó bá yín mú àdìrẹ kan bọ̀. Kò wúwo, ó ṣeé ká, lọ́jọ́ tí òtútù bá sì mú un lọ́hùn-ún tí ilé ń ṣe é, á fà á yọ. Ẹ kìlọ̀ fún un pé omi tútù ni kó fi fọ̀ ọ́, kó dá a fọ̀ ní tòun nìkan, torí aró á kọ́kọ́ máa ṣàn, kó má di pé àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọkọ di búlúù. Tó bá jẹ́ aṣọ híhun lẹ rí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn ìyé wa, ìyẹn àwọn ìyá wa ní Bùnú tó ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró, aṣọ pupa wọn tó lókìkí jù, òkú àgbà ni wọ́n ń fi í yẹ́ sí. Ó rẹwà gan-an ni, àmọ́ ẹ má gbé e wọ ilé ìyàwó.

Àǹtí, ọkùnrin ni mí. Ìyàwó àbúrò mi tó ń bọ̀ wá ń ṣe ṣáwà ọ̀la, wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n lọ ni? Kí ni mo máa gbé lọ?
Ẹ̀gbọ́n ọkọ, Mọ̀pà

Ẹ má lọ, ẹ̀gbọ́n. Owó ni káàdì yẹn ń béèrè, ẹ̀yin náà mọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ra sílíńdà gáàsì. Bí wọn ò bá tíì rà á, kílò 12.5 ni kẹ́ ẹ rà, tuntun, kì í ṣe ògbólógbòó tí wọ́n tún kùn, tòun ti rọ́bà àti ẹ̀rọ orí ẹ̀, kẹ́ ẹ rọ ọ́ kún, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìyàwó yín bá yín gbé e lọ. Lọ́fínńdà ńkọ́, tàbí aṣọ? Kì í ṣe tiyín, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọkọ ẹ̀.