Iná kò lè sọ fúláwà di ìkòkò

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo fi fúláwà, iyọ̀ àti omi po amọ̀, àwọn ọmọ sì fi mọ ewúrẹ́. Ó sán bó ṣe ń gbẹ; nígbà tó yá, ó tún rọ̀. Wọ́n ní bí mo bá sun ún nínú iná tó gbóná janjan, yóò le bí ìkòkò. Báwo ni kí iná náà ṣe gbóná tó?

Ìdáhùn: Ẹ má sun ún rárá. Irọ́ gbáà ni wọ́n pa fún yín, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ.

Gbígbẹ nìkan kọ́ ló ń sọ amọ̀ di ìkòkò. Amọ̀ tí a gbẹ́ jáde nínú ilẹ̀ ní omi tó so mọ́ èròjà rẹ̀ gan-an, tí oòrùn kò lè fà jáde. Àfi kí iná gbóná tó nǹkan bí 450 sí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí omi yẹn tó jáde, ìgbà náà ni kò ní lè di ẹrẹ̀ mọ́. Fúláwà kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára. Oúnjẹ ni. Bí iná bá ti pọ̀ díẹ̀, ooru inú rẹ̀ á wú ikùn ewúrẹ́ yín bíi búrẹ́dì. Bó bá tún pọ̀ sí i, èédú lẹ máa kó jáde.

Bí ẹ ṣe máa po òmíràn nìyí: fúláwà ife 2, iyọ̀ lúbúlúbú ife 1, omi bí ife 1, ṣùgbọ́n ẹ má da omi náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ó sán torí pé ó ki jù: ẹ̀yìn gbẹ, ó sì sún kì, nígbà tí inú ṣì tutù. Ẹ fi fọ́ìlì tí ẹ rún pọ̀ ṣe ikùn ewúrẹ́, kí ẹ wá fi amọ̀ fúláwà náà bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Iná 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó dín ni kí ẹ fi gbẹ ẹ́, fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ máa yí i. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tẹ̀ wọnú, kò tíì gbẹ.

Iyọ̀ ló ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ mọ́ra tó fi rọ̀. Ẹ kùn ún ní fáníìṣì yíká, títí kan abẹ́ ẹsẹ̀ tí gbogbo yín máa ń gbàgbé. Síbẹ̀, ẹ má bu omi sí i.

Pé inú ilé lẹ ti pò ó kò sọ ọ́ di ohun jíjẹ o. Iyọ̀ yẹn lè pa ajá. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ìdáhùn mi.

Ẹni tó sì ń bèèrè bóun ṣe lè ki ọwọ́ ọmọ bọ inú POP, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fomi pò ṣe àjà ilé, láti fi ya àwòrán rẹ̀: rárá o. POP máa ń gbóná bó ṣe ń le, ó lè jó ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní ṣeé fà jáde mọ́. Alginate, ìyẹ̀fun tí àwọn oníṣègùn eyín ń pò láti fi gba àwòrán eyín, ni kí ẹ wá.