Ìwọ tí o fẹ́ gbé òfì rẹ lọ Èkó, dúró ná

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn ti dára, o sì gbọ́ ọ̀gbẹ́ni kan lórí rédíò tó ní bí títì bá ti dé, àwọn ọ̀dọ́ ò ní sá lọ Èkó mọ́. Àmọ́ mẹ́ta nínú àwọn tí ẹ jọ ń hun aṣọ òfì ti lọ. Ṣé kí ìwọ náà máa lọ ni, àbí kí o dúró de ilé iṣẹ́ tí ìjọba ṣèlérí?

Ọ̀gbẹ́ni orí rédíò yẹn, mi ò rò pé ó ti jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì nínú ọkọ̀ elérù rí. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà wọlé náà ló ń gbà jáde. Nígbà tí kòtò kún ọ̀nà wa, ẹni tó fẹ́ lọ Èkó á kọ́kọ́ jókòó rò ó. Ní báyìí, kìlómítà 65 péré ni láti Ìṣẹ́yìn dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sì ti ń gbéra láti 2021. Ọmọ tó jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ nílé ìyá rẹ̀ lè wà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé ìyẹn ló máa dá a dúró?

Tábà ni bàbá mi gbìn. Òkè-Ògùn ló ń gbin ewé, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wé e ní sìgá. Owó oṣù ń bẹ n'Ìbàdàn, èéfín àti ikọ́ ń bẹ lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ tó kàwé ọ̀fẹ́ láti 1955 rí i pé Ìbàdàn àti Ìkejà ni ilé iṣẹ́ wà, ó di ẹrù, ó lọ. Kò sẹ́ni tó lé e.

Èmi lọ ní 2009. Jẹ́ kí n sọ eléyìí dáadáa, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò ní sọ ọ́ fún ọ. Mo ta ẹ̀gẹ́ odidi ọdún kan, mo kó owó rẹ̀ fún ẹ́jẹ́ǹtì kan ní Agége. Yàrá kan, ₦3,000 lóṣù. Ó ní ọdún méjì ni onílé ń gbà, ₦72,000. Àgírímẹ́ǹtì ₦10,000, kọmíṣàn ₦10,000. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mo fi dán ilẹ̀kùn wò, ó ṣí. Ó ní wọ́n fẹ́ kun yàrá, kí n kó wọlé ní Sátidé. Mo gbé ẹní àti sítóòfù mi débẹ̀ ní Sátidé, mo bá obìnrin kan àti ọkùnrin méjì lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń ṣí i. Obìnrin náà pọn ọmọ. Kò sunkún. Ó kàn ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó ń yí i, ó ń yọ ọ́, bí ẹni pé ilẹ̀kùn á pàpà mọ̀ pé òun ló ni ín. Onílé ní òun ò mọ ẹ́jẹ́ǹtì kankan rí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ká mú owó ìwé wá, lẹ́yìn náà owó epo ọkọ̀. Wọ́n jà wá lólè tán, a tún ń bu epo fún wọn!

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sùn lórí àpò sìmẹ́ǹtì níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ìbafò. Sìmẹ́ǹtì bó ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì. Tí ìyá mi bá pè, màá ní mo wà níbi iṣẹ́, ó ń gbọ́ ariwo tírélà, ó rò pé ilé iṣẹ́ ńlá ni.

Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní 2011, ó ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ka òfin yẹn sí onílé létí kó fi ọ́ ṣẹ̀sín. Má sanwó fún ẹnikẹ́ni láìrí onílé àti àwọn tó ń gbé inú ilé náà. Má sì ta ilẹ̀ bàbá rẹ torí owó ilé o! Láti ìgbà tí títì ti dé ni àwọn olówó ti ń wá fojú wọn ilẹ̀ wa.

Kí ni mò ń sọ tẹ́lẹ̀? Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí. Dáàmù Ìkéré Gorge tó wà nítòsí yín ńkọ́? Wọ́n ní á fún wa ní iná megawatt 6, á bomi rin oko. Mo dàgbà bá ìlérí yẹn, àwọn ọmọ mi náà ń dàgbà bá a.

Mi ò ní títì ò dára. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń dín gàrí. Tẹ́lẹ̀, alájàpá kan ṣoṣo ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iye tó bá pè ni. Ní báyìí àwọn mẹ́ta ló ń wá, ó ń yan èyí tó wù ú. Ó ra ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ó gba ọmọkùnrin méjì síṣẹ́, àwọn yẹn ò ronú Èkó. Owó epo ẹ̀rọ ló ń dà á láàmú láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023.

Tìrẹ tiẹ̀ rọrùn, òfì ò bèèrè iná tàbí epo. Ya àwòrán aṣọ, fi sórí WhatsApp, gba àsansílẹ̀ kí o tó ra òwú, ìyẹn ò le. Máa lọ Èkó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kó aṣọ fún àwọn oníbàárà, wo ohun tí wọ́n ń wọ̀, kí o sì padà sílé lọ́jọ́ kejì. Èmi ò ní ọ̀nà tí mo lè fi padà lọ́jọ́ kejì ní 2009.

Tí o bá sì ní dandan ni kí o kó lọ, kọ̀wé sí mi. Mo mọ onílé kan ní Ìbafò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fúnni ní kọ́kọ́rọ́.