Ẹ má bá a kọ àròkọ rẹ̀

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín wà ní JSS 2, pé gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni tíṣà ń fi bírò pupa fà láti òkè délẹ̀. Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì tiyín náà kò jinlẹ̀, ẹ wá ń rò ó bóyá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bá a kọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ fòfin de Yorùbá nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Mo ti ṣe méjèèjì rí, ọmọ mi ló sì fara gbá a.

Ilé ìwé tí àkọ́bí mi lọ máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Èmi náà gbé òfin yẹn wọlé. Kí ọdún tó yí po, ọmọ tó máa ń rojọ́ fún mi títí oúnjẹ á fi tutù wá di ẹni tó ń fi "yes" àti "no" dá mi lóhùn. Àròkọ rẹ̀, èmi ni mò ń kọ ọ́, òun kàn ń dà á kọ ni. Nígbà tí ìdánwò dé, tó ku òun nìkan pẹ̀lú bébà, ìlà mẹ́rin ló kọ. Bébà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé nírọ̀lẹ́ n'Íbàdàn ni mo tó fara balẹ̀ wo àṣìṣe wọn. Orí àwọn ọmọ náà pé. Yorùbá ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣì kọ. Ẹ wo "Borrow me your pen." Àwa máa ń sọ pé "yá mi ní bírò rẹ", a tún máa ń sọ pé "mo yá bírò lọ́wọ́ rẹ̀". Yá kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì: ẹni tó ń fúnni ló ń "lend", ẹni tó ń gbà ló ń "borrow". Tẹ́ ẹ bá kàn sọ fọ́mọ pé kò dáa, kó lọ tún un kọ, kò ní mọ ohun tó ṣe. Ẹ fi yá méjèèjì hàn án, kò ní gbàgbé mọ́.

"Ó" tiwa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ìdí nìyẹn tọ́mọ fi ń kọ "My mother is a trader. He sells rice." Òmíràn á kọ "My father, they are not at home", torí ó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe kọ́ ọ. "I am hearing the smell" náà ńkọ́? Ṣebí gbígbọ́ là ń gbọ́ òórùn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló le jù. Mo lọ lánàá, mo máa ń lọ, mo máa lọ lọ́la: "lọ" kò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì á yí i: go, goes, went, gone. Kò sí àbùjá níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí ọmọ fi Yorùbá ròyìn ohun tó ṣe lánàá fún mi dáadáa, kó wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ gbólóhùn mẹ́fà péré nípa rẹ̀. Á fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, á máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé "ìgbà wo?" Ojoojúmọ́ ni o. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀.

Ẹ má fo ìròyìn Yorùbá yẹn. Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ, 10 wà fún ohun tọ́mọ ní láti sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe lo èdè, 10 tó kù sì wà fún àkọtọ́, gírámà àti àmì ìdánudúró. Ọmọ tí kò rí nǹkan sọ ti pàdánù kí wọ́n tó dé orí gírámà.

Ní ti fífòfin de Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ ti dán òdìkejì rẹ̀ wò láti 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ká ní mo ti mọ èyí nígbà tọ́mọ mi ṣì kéré!

Ti Gẹ̀ẹ́sì yín tí kò jinlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Tó bá ṣe tán lálẹ́ òní, ẹ ní kó ka ohun tó kọ sókè, kó wá fi Yorùbá sọ ọ́ fún yín. Ibi tó bá ti dúró, tó ní "rárá, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé...", ẹ na bírò sí i níbẹ̀.