Ta Ló Ń San Owó Ìtọ́sọ́nà Rẹ?

Arákùnrin Àkúrẹ́, ojú ìwé mẹ́ta lo fi ròyìn àlá fún mi. Ìdajì gbólóhùn lo fi sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè mọ ohun tí à ń sọ: ọmọkùnrin ẹni ọdún 33 ló kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì àti ìwé dídì nítòsí South Gate yunifásítì FUTA, òun ló sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí òun àti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ìlú Oǹdó ti ń fẹ́ra, ẹbí méjèèjì sì ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin lójú àlá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Arábìnrin T. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó gbé omi tútù fún un mu. Arákùnrin wa gun orí òkè, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wòlíì kan níbẹ̀ wí fún un pé, "Obìnrin tó wà níwájú rẹ kọ́ ni tìrẹ." Ó wá ń bi mí pé, "Màmá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ dájú pé ohùn Ọlọ́run ni mo gbọ́?"

Ìdajì gbólóhùn tí mo ń sọ nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gan-an: "kò sí ohun tó so wá pọ̀ mọ́, àfi ₦450,000 tó bá mi yá ní kọpurétíìfù wọn láti fi ra ẹ̀rọ, ìyẹn náà á sì yanjú lágbára Ọlọ́run."

Á yanjú. Ta ni yóò yanjú rẹ̀?

O kọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ bí kọpurétíìfù àwọn olùkọ́ ṣe ń ṣe. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìfipamọ́ lára owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́, kó tó rí i sójú rárá. Ọjọ́ tó bá fẹ́ yá owó, ohun tó ti kó jọ síbẹ̀ ni wọn yóò wò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni wọ́n máa ń yáni mọ. Ọmọ yẹn ti ń fi owó pamọ́ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó lè gbé iye yẹn lé e lọ́wọ́. Ó tún ní láti wá onídùúró. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa jẹ́, wọ́n á fọwọ́ síwèé pé bí kò bá san, kí wọ́n yọ ọ́ lára tàwọn. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń yọ owó ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì rẹ tèlé-tèlé lára owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí yóò sì fi tán, kò lè yá òmíràn. Bí ìyá rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́la, tó sáré lọ sí kọpurétíìfù, ìwé gbèsè tìrẹ ni wọ́n máa nà sí i.

Mo wá inú lẹ́tà náà títí, mi ò rí iye tó kù. O rántí pé ife tí Arábìnrin T. gbé fún ọ lójú àlá ní ọwọ́ méjì. O ò rántí iye tí o jẹ. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣé ààwẹ̀ tìrẹ wá le ju ẹkún lọ ni?

Bí irú lẹ́tà yìí ṣe ń wọlé sí mi lemọ́lemọ́ ló jẹ́ kí n tètè dáhùn tìrẹ. Ọkùnrin ni, obìnrin ni. Ọlọ́run wọn kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí ọmọbìnrin Oǹdó ń tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó, kò sí àlá, kò sí aṣọ funfun, wòlíì kankan kò rí ohunkóhun. Ẹ̀rọ dé tán, ó ń ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àṣejáde wọn, ìgbà yẹn ni ọ̀run wá ṣí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

O ń wá ìfẹ́ Ọlọ́run. Ó dáa. Ìwé Tẹsalóníkà Kìíní orí 4 ẹsẹ 3 bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Nítorí èyí ni ìfẹ́ Ọlọ́run." Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ ń fi ìlà pupa sí, nítorí ó sọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ àti àgbèrè. Wọn kì í kà á dé ẹsẹ 6, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni Pọ́ọ̀lù ń bá bọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́ arákùnrin rẹ̀ jẹ, torí pé Olúwa ni olùgbẹ̀san irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ Ọlọ́run tí o gun òkè lọ wá ti wà nínú Bíbélì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ.

O tún sọ, pẹ̀lú ayọ̀, pé o gbin irúgbìn ₦50,000 lórí òkè náà kí ọ̀nà lè là. Mo dìde kúrò lórí àga nígbà tí mo kà á. Owó ta ni? Jésù fúnra rẹ̀ wí nínú Mátíù orí 5 pé bí o bá gbé ẹ̀bùn dé iwájú pẹpẹ, tí o wá rántí níbẹ̀ pé ẹnì kan ní ohun kan nínú sí ọ, kí o gbé ẹ̀bùn náà sílẹ̀ kí o lọ bá onítọ̀hún làjà ná. Kò ní kó o kọ́kọ́ jó, kò ní kó o kọ́kọ́ gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀. Oǹdó ni ₦50,000 yẹn ì bá gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ àwọn àmì náà wò, torí o ní o bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú bíi ti Gídíónì. O ní bí Arábìnrin T. bá pè ọ́ lórí fóònù kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, òun ni. Ó sì pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rù bà ọ́, ara rẹ bù máṣọ. Arákùnrin, ìwọ lo kọ ọ́ sójú ìwé kejì pé òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin, pé ìdánrawò yín jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti pé òun ló ń pe àwọn onílù àti onídùùrù láti rán wọn létí. Ọ̀sẹ̀ wo ni kì í pè ọ́? Ìbá má pè ni ìbá jẹ́ iṣẹ́ ìyanu.

Gídíónì gan-an, ẹ máa ń ṣi í lò. Kó tó tẹ́ irun àgùntàn sílẹ̀, Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀ yékéyéké, òun náà sì mọ̀, ó wà lẹ́nu rẹ̀ nínú àdúrà, "gẹ́gẹ́ bí ìwọ ti wí." Ẹ̀rù ogun ló bà á. Nígbà tó máa béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó má bínú sí òun. Ìwọ kò bẹ̀bẹ̀, ṣe lo ń fò sókè.

Ti wòlíì ńkọ́? "Obìnrin tó wà níwájú rẹ kọ́ ni tìrẹ." Bí mo bá tilẹ̀ gbà pé láti ọ̀run ló ti wá, ta ló wà níwájú rẹ? Ọmọbìnrin Oǹdó wà lẹ́yìn Owena lọ́hùn-ún, o ní o ò tíì fojú kàn án láti oṣù mẹ́ta. Arábìnrin T. ló ń dúró síwájú kíbọ́ọ̀dù rẹ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Mi ò sọ pé bí àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn o. Mo kàn fẹ́ kó o rí i pé ìwọ lo yan ìtumọ̀ rẹ̀, o sì yan èyí tó wù ọ́.

Lọ ka Àwọn Ọba Kìíní orí 13. Àwọn pásítọ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ wàásù láti ibẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Ọlọ́run rán ènìyàn Ọlọ́run kan láti Júdà lọ sí Bẹ́tẹ́lì, ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu níbẹ̀. Ọba pè é wálé, ó kọ̀. Ìgbà tó ń lọ ni wòlíì àgbàlagbà kan lé e bá, tó ní wòlíì lòun náà, pé áńgẹ́lì ló ní kí òun mú un padà. Bíbélì kò fi bọpo bọyọ̀: irọ́ ló pa fún un. Ọkùnrin náà padà, ó jẹ, ó mu, kìnnìún sì pa á lójú ọ̀nà. Ohun tó dá a lójú ló fi sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹlòmíì ní òun gbọ́. Ìwọ náà, kí ló dá ọ lójú? Pé o jẹ owó. Pé àwọn òbí rẹ wọ aṣọ, wọ́n lọ kí òbí ọmọlọ́mọ ní ilé wọn.

O wá gbé Bàbá Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìjọ CAC, wọ̀ ọ́, o ní òun nìkan ló gbọ́ ohùn, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ìwọ ọmọ Àkúrẹ́ lo ń fi ọ̀rọ̀ yìí gbá mi lójú, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà tìwa níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ní Ìkẹjì-Arákejì, lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní 1928. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba nígbà tí ìpè dé. Iṣẹ́ oṣù ló fi sílẹ̀. Ta ló san owó ìpè yẹn? Òun ni. Òun ló pàdánù owó oṣù, òun làwọn èèyàn ń pè ní wèrè. Olùkọ́ obìnrin kankan kò sí ní Oǹdó tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ nítorí pé Ayọ̀ Babalọlá gbọ́ ohùn. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi báyìí pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀, ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni àpò tí ohùn náà ti máa yọ owó.

Mi ò sọ pé dandan ni kó o fẹ́ ọmọ Oǹdó. Mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ kì í ṣe ìdána, ìdána pàápàá wọ́n ń dá a padà. Bí ìfẹ́ bá ti tán, ó ti tán. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS ni, ìlà kan ni mi ò bá fi dá ọ lóhùn, nítorí pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà pé ọmọ á jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè jẹ́ ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run láìsí àlá kankan. Ṣùgbọ́n o ò sọ ìyẹn. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ ni pé ọkàn rẹ ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ojú sì ń tì ọ́ láti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. O fẹ́ kí Ọlọ́run bá ọ sọ ọ́.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bí mi nínú. Tó o bá sọ fún un pé, "Mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ mọ́," yóò sunkún, yóò bú ọ, àwọn àǹtí rẹ̀ á bá a bú ọ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Tó bá yá, yóò gbàgbé rẹ. Ṣùgbọ́n tó o bá ní Ọlọ́run ló ní kì í ṣe òun, ta ni yóò bú? Ta ni yóò bá jà? Ọmọ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bíi tìrẹ, yóò padà sílé kó máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ṣe fún Ọlọ́run tó fi já òun jù sílẹ̀. Mo ti rí àwọn obìnrin tó ru irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí ọkùnrin tó sọ ọ́ sì ti bímọ mẹ́ta. O ò ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ Ọlọ́run bo ojú tó ń tì ọ́.

Nítorí náà, wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Má fi WhatsApp sọ ọ́, má rán pásítọ̀. Jókòó tì í, sọ fún un pé ọkàn rẹ ti yí, kí o má dárúkọ Ọlọ́run nínú gbólóhùn náà. Lẹ́yìn náà, béèrè iye tó kù, àtojú owó àtèlé. Kọ ọ́ sílẹ̀, fọwọ́ sí i níwájú ẹnì kan láti ilé rẹ àti ẹnì kan láti ilé tirẹ̀, kí o sì máa fi iye tí wọ́n ń yọ lóṣù ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Èyí tí wọ́n ti yọ sẹ́yìn náà ńkọ́? Gbèsè ni. Bí ṣọ́ọ̀bù kò bá lè gbé e, ta ẹ̀rọ kan. O kọ ọ́ pé méjì lo ní.

Tí ìwọ àti òun bá wá sọ̀rọ̀ tán, tó sì dà bíi pé ọkàn rẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí gbèsè, má tàn án. Ìyẹn burú ju àlá lọ.

Ní ti Arábìnrin T., o ò tíì bá a sọ nǹkan kan, o sì ti ń lá àlá ìgbéyàwó. Ó ṣeé ṣe kó ti ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bó o bá máa lọ bá a, gbèsè yẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ fún un, kó tó gbọ́ ọ láti ẹnu ará Oǹdó. Bó o bá sì tún fẹ́ kọ̀wé sí mi, iye tó kù ni kó o kọ sí ìlà àkọ́kọ́. Mi ò ka àlá mọ́.